Ẹ̀sọ̀ Ni A Fi Ń Nu Àpá Ara Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣe? Ẹ ní sùúrù. Bí kò bá sí ti ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, orúkọ mi ì bá má sí nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì.

Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò náà ní èdè Haúsá ni ìlú tuntun. Ní ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò, àwọn òyìnbó amúnisìn sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá láti ìhà gúúsù: àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn. Títí di òní, a ní Yoruba Road, a ní Ibo Road. Títì wọ̀nyí gún régé, ṣùgbọ́n ọjà, ènìyàn àti ọkọ̀ ti fún wọn pa. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní 2013, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba ìgboro. A Daidaita Sahu ni àwọn ará Kánò ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a mú ìlà gún. Ẹ bá mi wò ó! Ìlà kan ṣoṣo tí mo rí tí wọ́n mú gún ni èyí tí wọ́n ń fà sí ara ọkọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n kí a tó di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ara wa. Púpọ̀ nínú àpá ara ọkọ̀ Kánò kì í ṣe ti ìjàǹbá, àwa tí a ń nù ún ni a ń dá a sí i. Láti oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé bọ̀ ti orílẹ̀-èdè Chad wá, láti Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún odò ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ayébáyé. Eruku yìí kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú lásán. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ eléruku láàárọ̀, bí ẹni tí ó fi sáńpépà ha á ni. Kí ló wá dé tí a fi ń nù ún ní gbígbẹ? Omi ni. Ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlańkẹ́ kiri ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Ìyá wo ni yóò máa wò ọ́ kí o da kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sórí irin, nígbà tí kò tíì rí omi se ọbẹ̀? Báyìí ni owó omi ṣe ń di àpá lára ọkọ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi jẹ́ Toyota Corolla tòkunbọ̀, dúdú bíi kóró iṣin. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ sì di ohun tí a ń wò lójú lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, owó ilé-ìwé mi dé, ti àbúrò mi náà dé. Bàbá ní kí a ta ọkọ̀. Alhájì kan ní Fagge gbọ́, ó ní òun yóò wá wò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ha ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí a gbé e sí níwájú ilé. Kí a tó jáde, ó ti poora. Ìlà aláwọ̀ ìyeyè gùn láti ilẹ̀kùn iwájú dé ti ẹ̀yìn, àwọn ìlà funfun tín-ín-rín sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹni pé ológbò ni ó họ ọ́. Bàbá dúró tì í, kò fọhùn. Pẹ́ńtà kan wò ó, ó ní ₦70,000 ni òun yóò gbà láti tún ilẹ̀kùn méjèèjì kùn. Kò sí ₦70,000 nílé. Bí ó bá tilẹ̀ wà, ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lánàá, tí òórùn ọ̀dà ṣì ń ti ara rẹ̀ jáde, ta ni yóò fẹ́ rà á tí kò ní máa rò ó pé bóyá ó ti dojú dé rí?

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ilé kẹta sí tiwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà. Nígbà tí iléeṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń ríran. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Káàsán, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá rẹ ni, àbí? Mo ti gbọ́.”

“Ẹ̀gbàá márùndínlógójì náírà ni wọ́n ní kí a mú wá, Bàbá.”

“Fún kí ni? Ṣé ó ti fi èékánná wò ó?”

Èmi kò mọ ohun tí èékánná ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀dà. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, a jọ rìn lọ síbi ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ.

Wọ́n ní ara ọkọ̀ òde òní dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ mẹ́ta lé ara wọn. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí ó di irin mú ni àkọ́kọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní klíà. Klíà yìí ni ó ń dán, òun náà ni ó ń gba ìyà oòrùn jẹ fún àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe nípọn tó kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ. Irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Láyé Peugeot 504, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní klíà. Ọ̀dà aláwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń dán, bí a bá sì ń nù ún, àwọ̀ a máa jáde sára aṣọ. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó má tíì fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n pín àpá sí oríṣi mẹ́ta. Èkínní ni èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀: ọ̀dà ẹlòmíràn, tàbí rọ́bà bọ́ńpà. Èyí kì í ṣe ọgbẹ́, ìdọ̀tí ni. Èkejì ni èyí tí ó ha klíà nìkan. Bí o bá bu omi sí i, yóò poora. Bí omi bá gbẹ, yóò tún yọjú, nítorí pé omi ni ó dí ojú rẹ̀. Bí o bá fi èékánná rìn ín ní ìdábùú, kò ní kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó gé wọnú. Èékánná yóò kọ́, omi kò ní lè bò ó, o sì lè máa rí funfun ọ̀dà ìsàlẹ̀ níbẹ̀.

“Ọwọ́ lè nu méjì àkọ́kọ́,” ni Bàbá Ọlọ́dà wí. “Ẹ̀kẹta kọjá ọwọ́ nínù. Ẹni tí ó bá ní dandan òun yóò nù ún, yóò nu klíà tí ó wà láyìíká rẹ̀ tán, àpá náà yóò sì wà níbẹ̀.”

Wọ́n fi èékánná rin ilẹ̀kùn méjèèjì látòkè délẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ó kọ́ wọn, nítòsí ibi tí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò gùn ju ìka kan lọ. Gbogbo ìyókù, wọ́n ní òkìkí lásán ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ, èmi àti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bàbá Ọlọ́dà sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ni mo rà. Wọ́n ní a kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú oòrùn, nítorí irin gbígbóná máa ń mú kí ọṣẹ àti kọ́ńpáùǹdì gbẹ mọ́ ara ọkọ̀. A kọ́kọ́ da omi lásán lé e lórí kí eruku ṣàn lọ, láìfi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni a fi ọṣẹ ìfọkọ̀ àti fóòmù rírọ̀ fọ̀ ọ́, láti orí wá sí ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni yanrìn pọ̀ sí. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì ni a lò: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí a fi ń ṣan fóòmù, kí yanrìn tí a fọ̀ kúrò má baà tún padà sára ọkọ̀.

Ohun tí ó lẹ̀ ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Mo rẹ aṣọ mímọ́ sínú kẹrosíìnì díẹ̀, mo fi lé ìlà aláwọ̀ ìyeyè náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo wá ń nù ún jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò. Nígbà tí ó tán, a fi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì kúrò. Àbúrò mi béèrè pé, ṣé tínà kò ní yá jù ni? Bàbá Ọlọ́dà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Wọ́n ní tínà kò mọ ọ̀dà onílé yàtọ̀ sí ti àlejò. Bí ó bá bá ọ̀dà tí wọ́n fi tínà pò lára ọkọ̀, yóò yọ́ ọ bí iyọ̀. Omi búréèkì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa bó ọ̀dà bí ẹni bó iṣu. Ọṣẹ ìfọṣọ ń fọ pọ́líìṣì tí ó ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọyín, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní Macleans láìka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ sí, lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ nítorí pé ohun líle tí ó kúnná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n ṣe é fún.

Ó wá ku àwọn ìlà tín-ín-rín inú klíà. Kọ́ńpáùǹdì tí ó kúnná jù lọ ni Bàbá Ọlọ́dà ní kí n rà. Wọ́n ní kí n ká aṣọ rírọ̀ sí mẹ́rin, kí n rẹ ẹ́ sómi, kí n fún un, kí n sì bu kọ́ńpáùǹdì tí kò ju ẹ̀pà méjì lọ sí i. Mo ń ṣe ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. N kò gbọdọ̀ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ni kí n fi tẹ́ aṣọ náà pẹrẹsẹ, kí agbára má baà pọ̀ sójú kan. Mo nù ún síwájú sẹ́yìn, mo nù ún sókè sódò, mo fi aṣọ mìíràn nù ún kúrò, mo wò ó. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi nípa etí ilẹ̀kùn àti ibi tí irin ti ṣẹ́ po, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Apá mi ń ro mí, òógùn ń bọ̀ nínú ọyẹ́. “Má kánjú,” ni wọ́n ń wí. “Ohun tí o bá nù kúrò lára klíà kò ní hù padà. Kì í ṣe irun.”

Níbi fẹ́ńdà iwájú, aṣọ ọwọ́ mi dúdú. Bàbá Ọlọ́dà ní kí n mú un súnmọ́ ojú àwọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Dúró. Wọ́n ti kun ibí yìí rí, wọn kò sì fi klíà bò ó.” Mo yíjú sí bàbá mi. Wọ́n mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni, ọlọ́kadà kan ni ó sọ fẹ́ńdà náà ní 2019, nígbà tí àwa ọmọ kò sí nílé. Ẹ ò rí i pé aṣọ ìnukọ̀ a máa jẹ́rìí!

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà ń dán débi pé a ń rí fìlà Bàbá Ọlọ́dà nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Àpá inú tí ó kọ́ èékánná nìkan ni ó kù, òun náà sì ti rí fẹ́ẹ́rẹ́. Àbúrò mi wá mú àbá wá. Ó ní kí a fi pọ́líìṣì olóròóró kún àpá náà, kí a sì fi í pa fẹ́ńdà dáadáa. Kí Alhájì tó fọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti gbé e dé Fagge tipẹ́. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ ní ti iṣẹ́. Òróró inú irú pọ́líìṣì bẹ́ẹ̀ a máa dí ojú àpá bí omi ṣe ń dí i, ojú kò sì ní rí i mọ́ títí tí ọṣẹ yóò fi fọ̀ ọ́ kúrò.

Bàbá mi kò bínú. Wọ́n ní kí n bu omi ọṣẹ tí ó kù, kí n tún ilẹ̀kùn méjèèjì fọ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo sì nù ún gbẹ. Wọ́n tan iná fóònù wọn, wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ìdábùú kọjá lórí ọ̀dà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ìdábùú ni ó ń tú àṣírí àpá. Àwọn tí a nù kò padà. Wọ́n ní, “Èyí tí ẹ nù, ẹ nù ún. Èyí tí kò ṣeé nù, ẹnu ni a óò fi sọ ọ́.”

Alhájì dé ní ọjọ́ kejì. Kí ó tó la bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàbá mi ti fi èdè Haúsá sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ha ilẹ̀kùn méjì yìí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ ni a fi nù ún, ibí yìí nìkan ni kò lọ. Àti pé wọ́n ti kun fẹ́ńdà yìí ní 2019. Alhájì bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná rin àpá náà. Ó wo fẹ́ńdà, ó wo bàbá mi. Ó sì yọ ₦40,000 nínú iye tí wọ́n ti jọ sọ. Bàbá bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Wọ́n bọwọ́, owó wọlé, ọkọ̀ lọ.

Inú àbúrò mi bàjẹ́. Ó ní ẹnu bàbá wa ni ó jẹ ₦40,000, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Èmi náà ro owó ìwé tí iye yẹn ì bá rà. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n ní òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Bàbá mi ní, “Owó oorun mi ni mo fi san. Ọkùnrin yìí mọ ṣọ́ọ̀bù mi.” Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ tan yín pé èrè ńlá kan ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn ọ̀la. ₦40,000 lọ, kò padà. Ṣùgbọ́n owó tí ó kù tó san owó ilé-ìwé èmi àti àbúrò mi, Bàbá sì ń gba ojú títì Fagge kọjá lọ sọ́jà láìwo ẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nínù àti bíbò. Àwọn méjèèjì ń jọ ara wọn lójú, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó nu àpá ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bò ó yá ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, ẹlòmíràn náà kò sì mọ̀ pé òun yá a. Ọṣẹ àti omi ni ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní ọkọ̀ lọ́la, tàbí bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní kí ẹ bá òun nu tirẹ̀ nínú ìsinmi, ẹ má ṣe fi àkísà gbígbẹ nu eruku ọyẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ fi omi àti èékánná wo àpá kí ẹ tó gbé owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó rọ̀ jù lọ. Bí àwọ̀ bá jáde sára aṣọ yín, ẹ dúró, kí ẹ béèrè. Èyí tí ọwọ́ yín kò bá sì lè nù, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ire o.